Ọmú Kì í Ṣe Asẹ́: Bí Òwò Bọ́tà Ṣe Tú Àṣírí Ọ̀rá Inú Wàrà

Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù fi gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni wàrà, pé ọmú kàn ń sẹ́ ẹ ni, bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Galen, oníṣègùn ará Gíríìkì tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ikú Kristi, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ èrò yìí múlẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọmọ nínú ilé ọmọ náà ló ń yí ọ̀nà padà gba ọmú lẹ́yìn ìbí, tí ara á sì sọ ọ́ di funfun. Nígbà tí Leonardo da Vinci ń ya inú ara ènìyàn ní nǹkan bí ọdún 1492, ó fa iṣan kan láti ilé ọmọ lọ sí ọmú, bẹ́ẹ̀ iṣan náà kò sí lára ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìwé sọ ló yà, kì í ṣe ohun tí ojú rí. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé kì í ṣe ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ fọ́ èrò Galen, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ìmọ̀ lásán. Ọjà ló fọ́ ọ. Bọ́tà tí wọ́n ń tà, jìbìtì tí àwọn kan ń ṣe nídìí rẹ̀, àti owó tí àgbẹ̀ ń gbà lórí ìwọ̀n ọ̀rá inú wàrà, àwọn ni wọ́n ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ̀rá nínú ọmú.

Àríyànjiyàn tó kọ́kọ́ le lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rá bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1840. Ní Paris, Jean-Baptiste Dumas àti Jean-Baptiste Boussingault ń kọ́ni pé ewéko nìkan ló lè dá ọ̀rá. Ẹranko kàn ń jẹ ẹ́, ó ń tò ó sára tàbí kó jó o. Ní Jámánì, Justus von Liebig sọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1842 pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, pé ara ẹranko lè fi sítáàṣì àti ṣúgà ṣe ọ̀rá. Màlúù tó ń fún ni ní wàrà wà lára ẹ̀rí rẹ̀: bí wọ́n bá ṣírò ọ̀rá inú oúnjẹ tí ẹran náà jẹ, tí wọ́n sì fi wé bọ́tà tó ti ara rẹ̀ jáde, èyí tó jáde ju èyí tó wọlé lọ. Àwọn ará Paris kò gbà kíákíá. Boussingault lọ sin ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹyẹ, ó wọn ohun tí wọ́n jẹ, ó wọn ọ̀rá tí wọ́n ní lára, nígbà tó sì di 1845 ẹ̀rí ti mú un yí ohùn padà. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn jẹ́ lójú mi, nítorí pé ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀n ló fi da ara rẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé odindi ara ẹran ni wọ́n ń jà lé lórí. Kò sí ẹni tó béèrè pé ẹ̀yà ara wo gan-an ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjà dá sí i. Ní 1869, Hippolyte Mège-Mouriès, ará Faransé, fi ọ̀rá màlúù ṣe ohun tó jọ bọ́tà, nígbà tí ìjọba Napoleon Kẹta ń wá oúnjẹ tí kò wọ́n fún àwọn ológun ojú omi àti àwọn mẹ̀kúnnù. Bí màjàríìnì ṣe dé ayé nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn oníjìbìtì fi bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó mọ́ bọ́tà gidi, tí wọ́n ń gba owó bọ́tà lórí rẹ̀. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ahọ́n pàápàá lè ṣì í mú. Ní 1879, Emil Reichert gbé ìdánwò kan jáde tí Meissl àti Wollny tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀: wọn á sọ gíráàmù 5 ọ̀rá di ọṣẹ, wọn á da ásíìdì sí i, wọn á sè é, wọn á sì gba ooru rẹ̀ sínú ìgò mìíràn kí wọ́n lè wọn ásíìdì tó bá ooru náà fò lọ. Bọ́tà gidi sábà máa ń fún wọn ní iye tó wà láàárín 24 sí 34. Ọ̀rá tí wọ́n yọ́ láti ara màlúù kì í dé 1. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ni pé bọ́tà ní àwọn ásíìdì ọ̀rá kékeré nínú, àwọn tí kábọ́ọ̀nù wọn kò ju 4 tàbí 6 tàbí 8 lọ, tí Michel Eugène Chevreul ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tọ̀ ṣáájú ìwé ńlá rẹ̀ ti 1823. Ásíìdì inú ọ̀rá ara màlúù, 16 àti 18 ni kábọ́ọ̀nù púpọ̀ nínú wọn. Ooru omi kò lè gbé wọn.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rìn kọjá lórí rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màlúù kan náà ló ni ọ̀rá méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń ṣàn gba abẹ́ awọ rẹ̀ kọjá, tó sì ń ṣàn gba inú ọmú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ọmú ń sẹ́ ọ̀rá láti inú ẹ̀jẹ̀, ibo ni àwọn ásíìdì kékeré yẹn ti wá, nígbà tí ọ̀rá ibòmíràn lára ẹran náà kò ní wọn? Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ bọ́tà wò ní ọjà London tàbí Berlin ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn àmì iṣẹ́ ọmú lójoojúmọ́, láì mọ̀ pé òun ló ń wọ̀n. Òwò ilẹ̀ tiwa náà wọ inú ìtàn yìí. Èkùrọ́ tí wọ́n ń kó láti Èkó lọ sí Hamburg di epo, epo náà sì di ara ohun tí wọ́n fi ń ṣe màjàríìnì. Epo èkùrọ́ àti epo àgbọn sì ní àwọn ásíìdì tí kò gùn púpọ̀, pàápàá èyí tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 12, nítorí náà wọ́n tún da ìdánwò Reichert rú. Èyí ló mú Eduard Polenske gbé ìdánwò tirẹ̀ jáde ní 1904, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí irú epo bẹ́ẹ̀ bá ti wọ inú bọ́tà. Jìbìtì ló ń bí ìdánwò, ìdánwò sì ń bí ìmọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìṣòro mìíràn ló wà nílẹ̀. Ìwọ̀n wàrà lásán ni àwọn ilé iṣẹ́ bọ́tà fi ń sanwó fún àgbẹ̀, nítorí náà ẹni tó bu omi sí wàrà jèrè, ẹni tó sì fi ọwọ́ re ọ̀rá ojú rẹ̀ kó tó gbé e wá jèrè pẹ̀lú. Olóòótọ́ ló ń jìyà. Stephen Babcock, onímọ̀ kẹ́místírì ní Yunifásítì Wisconsin ní ìlú Madison, yanjú rẹ̀ ní 1890. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò náà á fi ẹnu fa mílílítà 17.6 wàrà sínú páìpù gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, á dà á sínú ìgò ọlọ́rùn gígùn, á wá rọra da mílílítà 17.5 ásíìdì sọ́fúríìkì tẹ̀ lé e. Ìgò náà á gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, wàrà á di àwọ̀ kọfí, nítorí pé ásíìdì ń jẹ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rá. Á kó ìgò sínú ẹ̀rọ tó ń yí wọn gbirigbiri, á da omi gbígbóná sí i, á tún yí i, títí ọ̀rá á fi gòkè dúró ní ọrùn ìgò bí òpó wúrà kékeré kan. Ìlà tí wọ́n fà sára ọrùn yẹn ló ń sọ iye ọ̀rá inú wàrà. Àgbẹ̀ tí kò lọ sí yunifásítì lè ṣe é, Babcock kò sì gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí rẹ̀. Ó fi tọrẹ fún gbogbo ayé. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rá ti di ohun tí wọ́n fi ń díye lé wàrà, tí àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí Galen kò ní ìdí láti béèrè: kí ni kí n fún màlúù mi jẹ kí ọ̀rá rẹ̀ lè pọ̀?

Ẹnìkan lè sọ pé Babcock kàn wọn ọ̀rá ni, kò sọ ibi tó ti wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kò ní òṣùwọ̀n kì í ní ìdáhùn, òṣùwọ̀n náà kò sì pẹ́ tó fi so èso. Ní 1897, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ New York tó wà ní Geneva, Jordan àti Jenter kó koríko àti ọkà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa gbogbo ọ̀rá inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi bọ́ màlúù kan fún ọjọ́ 95. Nínú gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀rá tí màlúù náà jẹ kò ju pọ́n-ùn 11.6 lọ, ọ̀rá tó ti inú wàrà rẹ̀ jáde jẹ́ pọ́n-ùn 62.9. Ẹran náà kò sì rù, ó tilẹ̀ tún sanra sí i, nítorí náà a kò lè sọ pé ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń yọ́ dà sínú wàrà. Liebig ló jàre Dumas pátápátá níbí yìí, ẹ̀rí náà sì ti ibi tí owó àgbẹ̀ wà jáde.

Síbẹ̀, àtakò kan ṣì wà tó nípọn, mi ò sì fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ń fi sítáàṣì ṣe ọ̀rá, tó ń dà á sínú ẹ̀jẹ̀, tí ọmú sì wá ń sẹ́ ẹ. Èrò asẹ́ lè yè bọ́ lọ́nà yẹn. Ìdajì òótọ́ tilẹ̀ wà níbẹ̀: a ti mọ̀ nísinsìnyí pé nínú wàrà màlúù, nǹkan bí ìdajì ọ̀rá náà, àwọn tí kábọ́ọ̀nù wọn jẹ́ 18 àti apá kan lára àwọn ti 16, ni ọmú ń gbà láti inú ẹ̀jẹ̀ ní tòótọ́. Kí èrò yìí lè rí ọ̀nà ṣàlàyé àwọn ásíìdì kékeré, T. P. Hilditch ti Yunifásítì Liverpool, tó mọ ọ̀rá inú bọ́tà bí ẹní mowó, dá a lábàá pé àwọn ásíìdì gígùn láti inú ẹ̀jẹ̀ ni ọmú ń gé kúrú. Àbá tó bọ́gbọ́n mu ni. Ó sì fi hàn bí èrò àtijọ́ ṣe ń pẹ́ kú: Hilditch gbà pé ọmú ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gígé ló fún un ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ kíkọ́.

Shinfield ni ibi tí ìdáhùn ti jáde, ìletò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí National Institute for Research in Dairying wà. Wọ́n dá ilé ìwádìí náà sílẹ̀ ní 1912 nítorí wàrà, kì í ṣe nítorí àìsàn kankan. S. J. Folley ni olórí ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ ara níbẹ̀. Òun àti T. H. French á gba ọmú ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́, wọn á gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí kò nípọn, wọn á fi í sínú ìgò kékeré tó wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọn á so ìgò mọ́ páìpù gíláàsì tó ní omi nínú, wọn á sì máa wo bí omi páìpù náà ṣe ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Èyí ló ń sọ iye ọ́síjìn tí ẹran ara náà fà àti iye kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì tó tú jáde. Bí ẹran ara bá kàn ń jó ṣúgà, iye méjèèjì á dọ́gba. Bí ó bá ń sọ ṣúgà di ọ̀rá, èyí tó ń jáde á ju èyí tó ń wọlé lọ. Láàárín 1948 sí 1950, wọ́n rí i pé ọmú èkúté tí wọ́n fún ní glúkóòsì ń ṣe ọ̀rá, ó hàn kedere nínú páìpù náà. Wọ́n fún ọmú ewúrẹ́ ní glúkóòsì kan náà, kò dáhùn. Wọ́n wá fún ọmú ewúrẹ́ ní ásítéètì, nǹkan kékeré tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 2 péré, tó jẹ́ ọmọ ìyá ohun tó ń mú kí ọtí kíkan kan. Lójú ẹsẹ̀ ni ìpín èyí tó ń jáde sí èyí tó ń wọlé fò ré kọjá 1. Ásítéètì yìí nìkan kò sì ru ọmú èkúté sókè.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ṣàkì. Ní 1944, Joseph Barcroft àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ McAnally àti Phillipson ní Cambridge ti fi hàn, nípa fífa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan tó ń ti ara ṣàkì àgùntàn bọ̀, pé ásítéètì àti àwọn ásíìdì kékeré mìíràn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ibẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí inú ṣàkì ló ń jẹ koríko, ìdọ̀tí tí wọ́n tú jáde ni ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ fi ń ṣe agbára. Ìwọ̀nba ṣúgà tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹran náà kéré. Ọmú rẹ̀ ní láti fi í pamọ́ fún ṣúgà inú wàrà. Ásítéètì ló wá kù tó lè fi kọ́ ọ̀rá. Mo rò pé ìwádìí yìí lẹ́wà púpọ̀, nítorí pé ó sọ ìtàn koríko pápá àti ìtàn bọ́tà orí tábìlì di ìtàn kan ṣoṣo.

George Popják, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá Folley àti French dé ìparí ọ̀rọ̀ Hilditch. Wọ́n mú ásítéètì tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù-14, èyí tó ń tú ìtànṣán tí ẹ̀rọ lè kà, wọ́n sì gún ewúrẹ́ tó ń fún ni ní wàrà lábẹ́rẹ́ rẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1951 fi hàn pé inú àwọn ásíìdì kúkúrú ni àmì náà ti mú jù, ti àwọn gígùn bí 18 kò tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń gé gígùn di kúkúrú, gígùn ni ìbá kọ́kọ́ gba àmì. Láti kékeré ni ọmú ti ń kọ́ wọn lọ sókè. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ pé ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ ló ṣe é, ọdún kan náà ni àwọn ará Shinfield, Popják, àti Peeters pẹ̀lú Massart láti Ghent ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, fi ẹ̀jẹ̀ tó ní ásítéètì alámì nínú gba inú ọmú màlúù tí wọ́n ti gé kúrò lára ẹran kọjá. Kò sí ẹ̀dọ̀ níbẹ̀, kò sí ọ̀rá abẹ́ awọ. Ọmú nìkan ló wà, ó sì kọ́ ọ̀rá.

Ibi tí mo mọ̀ pé wọ́n á ti bá mi jiyàn jù lọ rèé. Àwọn onímọ̀ tó kọ ìtàn kẹ́místírì ara á sọ pé kì í ṣe ọjà bọ́tà ló bí ìmọ̀ nípa àwọn ẹ́ńsáìmù yìí, pé inú ẹ̀dọ̀ ẹyẹlé àti ìwúkàrà ni wọ́n ti rí wọn, lọ́wọ́ àwọn tí kò bá àgbẹ̀ ṣe pọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí. Ní 1958, Salih Wakil, ọmọ ilẹ̀ Ìráàkì, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, ń lo ẹ̀dọ̀ ẹyẹlé, wọ́n sì rí ohun ìyanu kan: iṣẹ́ kíkọ́ ọ̀rá kì í bẹ̀rẹ̀ bí báíkábọ́nétì kò bá sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kábọ́ọ̀nù báíkábọ́nétì náà kì í sí nínú ọ̀rá tó bá jáde. Àlàyé rẹ̀ ni malonyl-CoA. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní acetyl-CoA carboxylase, tó ń lo fítámì báyótìn, ń fi kábọ́ọ̀nù kan kún méjì di mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bá wá so ó mọ́ okùn ọ̀rá tó ń gùn, kábọ́ọ̀nù àfikún yẹn á tún jáde lọ. Ẹ́ńsáìmù kejì, fatty acid synthase, ló ń so okùn náà, méjì méjì, ẹ̀ẹ̀meje, títí okùn á fi pé 16. Feodor Lynen ní Munich ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ti ìwúkàrà, òun àti Konrad Bloch sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1964 fún ìwádìí ọ̀rá àti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù.

Mo gba gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n kò bi èrò mi wó. Lọ́nà kìíní, ọmú kò sí lẹ́yìn: ní 1955, ọdún mẹ́ta ṣáájú malonyl-CoA, Popják àti Tietz ti lọ ọmú èkúté, wọ́n ti yọ omi inú rẹ̀ sọ́tọ̀, omi náà sì kọ́ ọ̀rá láti inú ásítéètì láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan tó wà láàyè. Lọ́nà kejì, yunifásítì tí Wakil ti ṣiṣẹ́ náà ni Wisconsin ní Madison, ibi kan náà tí Babcock ti da ásíìdì sínú wàrà. Èyí tó sì wúwo jù ni pé ẹ̀dọ̀ ẹyẹlé lè fi ẹ́ńsáìmù hàn wá, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tí bọ́tà fi yàtọ̀ sí ọ̀rá ara màlúù. Bí synthase bá ń dúró ní 16, ta ló ń dá okùn dúró ní 4, ní 8, ní 10? Ìbéèrè Reichert nìyẹn, ìbéèrè ọjà, ẹ̀dọ̀ kò sì ní ìdáhùn rẹ̀.

Àwọn tó wá ìdáhùn lọ sínú ọmú. Ní 1967, Hanson àti Ballard fi hàn pé ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ara àwọn ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ kò ní tó nínú ATP-citrate lyase, ẹ́ńsáìmù tí ara ń lò láti sọ glúkóòsì di ohun èlò ọ̀rá. Ní 1970, Bauman, Brown àti Davis fi ọmú èkúté, ti abo ẹlẹ́dẹ̀ àti ti màlúù wé ara wọn, ìyàtọ̀ tí Folley rí nínú páìpù gíláàsì sì hàn nínú àwọn ẹ́ńsáìmù fúnra wọn. Ní 1976, Knudsen, Clark àti Dils yọ ẹ́ńsáìmù kan láti inú ọmú ehoro, èyí tó ń já okùn ọ̀rá kúrò lára synthase kó tó gùn dé ibi tó ń lọ. Libertini àti Smith yọ irú rẹ̀ láti inú ọmú èkúté ní 1978. Thioesterase II ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n wá a lọ sínú ọmú ewúrẹ́, wọn kò bá a. Iṣẹ́ Grunnet àti Knudsen fi hàn pé nínú ewúrẹ́, synthase fúnra rẹ̀ ló ń tú àwọn ásíìdì kúkúrú sílẹ̀. Ehoro àti ewúrẹ́ dé ibi tó jọra, ọ̀nà wọn kò jọra rárá.

Ọ̀rọ̀ owó tún padà dé. Láti ayé Boussingault ni wọ́n ti ń rí i pé oúnjẹ kan máa ń mú kí ọ̀rá wàrà já wálẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún màlúù ní àgbàdo púpọ̀ àti koríko díẹ̀, wàrà kò dínkù, ọ̀rá inú rẹ̀ lè já dé ìdajì, owó rẹ̀ náà sì já. Àlàyé tó kọ́kọ́ dùn mọ́ gbogbo ènìyàn ni pé àgbàdo kò jẹ́ kí ásítéètì tó nínú ṣàkì. Ó bá iṣẹ́ Shinfield mu, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ásítéètì náà, kò dínkù. Àwọn mìíràn di ẹ̀bi ru ínsúlínì, pé ó ń darí èròjà lọ sí ọ̀rá ara dípò ọmú. Ẹ̀rí kò gbè é tó. Ní 2000, Baumgard, Bauman àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Cornell mú ásíìdì ọ̀rá kan tí kòkòrò inú ṣàkì ń ṣe, trans-10, cis-12 CLA, wọ́n ń dà á sí inú màlúù kọjá ṣàkì, gíráàmù 10 péré lójúmọ́ fún ọjọ́ 4. Ọ̀rá wàrà já ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́, cis-9, trans-11, kò ṣe nǹkan kan. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ọmú ń gbà láti ṣe acetyl-CoA carboxylase àti fatty acid synthase ló lọ sílẹ̀. Ohun èlò wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Òṣìṣẹ́ ni kò tó.

Àwọn kan á ní kí ni gbogbo èyí kan ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ó kàn án gan-an, nítorí pé ọmú obìnrin náà ń kọ́ ọ̀rá. Ní 1959, Insull àti Hirsch pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Rockefeller ní New York fún ìyá kan ní oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá tó fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì ṣùgbọ́n tí sítáàṣì àti ṣúgà rẹ̀ pọ̀; àwọn ásíìdì tí kábọ́ọ̀nù wọn jẹ́ 12 àti 14 sì pọ̀ sí i nínú wàrà rẹ̀. Ìwádìí nípa thioesterase II ló wá fi ojú ọ̀nà tí ọmú lè gbà já okùn rẹ̀ ní kúkúrú hàn. Nígbà tí Koletzko, Thiel àti Abiodun fi wàrà àwọn ìyá ní Yúróòpù wé ti àwọn ìyá ní Áfíríkà ní 1992, pẹ̀lú Nàìjíríà nínú rẹ̀, irú ásíìdì wọ̀nyí náà ló ga níbi tí oúnjẹ ti jẹ́ ti sítáàṣì, tí ọ̀rá rẹ̀ kò sì pọ̀. Ohun kan gbọ́dọ̀ mú kí a fara balẹ̀ ka irú àbájáde bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa: àdín àti epo àgbọn kún fún ásíìdì oníkábọ́ọ̀nù 12 kan náà, ọmú sì lè gbà á láti inú ẹ̀jẹ̀ láì kọ́ ọ. Kí a tó sọ pé ẹ́ńsáìmù inú ọmú ìyá kan ló ṣe ọ̀rá yẹn, a ní láti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó fi se ọbẹ̀ rẹ̀ àti epo tó fi dín àkàrà.